Yangí

Kẹ̀kẹ́ àwìn ni mo gùn débí.
Birkett tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Penrith ló tà á fún mi,
ó ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù bá ti ń wọlé.
Iṣẹ́ òru ni mo ṣe mọ́jú ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà.
Oorun ń fà mí láṣọ,
mo já aṣọ gbà.

Bàbá kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló júwe ọ̀nà fún mi.
Ó fọ́ òkúta lórí òkè yìí fún ogójì ọdún.
Kò béèrè ìwé, kò béèrè gègé:
ó ká orúnkún rẹ̀ sókè lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ní òkè nìyí,
ó fi ìka fa ìlà gba ẹ̀gbẹ́ itan kọjá,
ó tẹ ibi tí aṣọ ti rì, ó ní adágún nìyẹn,
má ṣubú sínú rẹ̀.

Ní Dockray ni ọ̀dà ti parí.
Ọ̀dà parí, yangí bẹ̀rẹ̀:
òkúta wẹ́wẹ́, òkúta ràbàtà, òkúta tó mú bí eyín ajá,
òkúta tó ń yí lábẹ́ táyà
bí ẹni tí kò fẹ́ jẹ́rìí.
Lápá òsì, òkè dúró, kò sọ nǹkan kan.
Lápá ọ̀tún, àbàtà, àti àwọn àgùntàn onírun eérú,
ojú wọn funfun bí ẹni tó fi ẹfun bọ́jú.
Wọn ò yẹra.
Èmi ni mo yẹra; àlejò kì í du ọ̀nà mọ́ onílé lọ́wọ́.

Géètì kìíní, mo ṣí i, mo pa á dé.
Géètì kejì, mo ṣí i, mo pa á dé.
Okùn ni wọ́n fi so ìkẹta, ìka mi sì ti kú.
Òtútù ibí kì í buni jẹ,
lílá ló ń láni
títí awọ á fi bó.

Bàbá mi ní Rálè kan,
dúdú, dínámò lára táyà iwájú.
Wọ́n kọ Nottingham sí i lọ́rùn.
Bàbá mi rò pé orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ni;
a máa kí i láàárọ̀: Nọtinámù, o jí ire?
Àpò kòkó lẹ́yìn, èmi lórí ọ̀pá iwájú,
láti Ìgbàrà-Odò lọ sí Ìkẹ́rẹ́,
eruku pupa, ojú wa pupa, itọ́ wa pupa.
Bí a bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a ní:
Sọ̀ kalẹ̀, Ìbílọlá.
Ẹsẹ̀ gan-an, kẹ̀kẹ́ ni.

Táyà ẹ̀yìn mí kanlẹ̀, fùúù, ó parí.
Pọ́ǹpù wà lápò.
Àlẹ̀mọ́ wà lórí tábìlì nílé.
Kùrukùru dé, ó ká òkè bí ẹni ń ká ẹní,
ó mú odi òkúta, ó mú ọ̀nà,
ó ku èmi àti àgùntàn kan tó ń húkọ́ bí èèyàn.
Ẹ̀rín pa mí.
Ta ló rán mi?

Mo sọ̀. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ àwìn lọ
ní máìlì mẹ́ta ọ̀nà yangí,
bàtà mi kún fómi.
Lójijì kùrukùru ya níbì kan ṣoṣo, bí aṣọ tó gbó:
adágún kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún,
bí abọ́ tánńganran tí ẹnìkan gbàgbé síta lóru.
N kò mọ èwo ni. Máàpù ti rin.
N ó bi bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹrin lálẹ́ òní,
bó bá ṣì rántí mi.

Obìnrin kan wà ní géètì ìkẹyìn, l'ókè Threlkeld,
pẹ̀lú korobá oúnjẹ ẹran.
Ó wo táyà, ó wò mí.
Ó ní, Ó bàjẹ́ lórí ẹ ni?
Mo ní rárá, bàbá mi ló ní kí n sọ̀.
Ó wẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan.
Ó ṣí géètì fún mi.
Èmi ni mo pa á dé.