Ilé fún Owó Tó Ti Fẹ̀yìntì

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé ìyá rẹ̀,
fèrèsé kan ṣoṣo ni Bàbá àgbà rí gbà níbẹ̀.
Ó wọ́ ọ gba inú yìnyín wálé
bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ.
Ọdún mẹ́rin ni fèrèsé fi fara ti ògiri gáréèjì.
Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe,
Ciril Zagožen, ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógójì
yí ojú irin padà fún rélùwéè ní Jesenice,
á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Igi náà ṣì ń ronú."

Ní oṣù kejì ọdún yìí, igi ronú tán.
Ó gbé agolo bisikíìtì kan ka orí tábìlì,
ó dà á dé, ó ró ṣaworo:
tólárì, owó tí mi ò fi ra súìtì rí,
nítorí ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí yúrò wọlé
tó ní kí ó lọ sinmi.
"Neža, bá mi tò wọ́n. Ẹ̀mí wà lára wọn."

Òótọ́ ni. Lára èyí tó kéré jù, ẹran omi kan wà
tí kì í kúrò nínú ihò àpáta, tí ojú rẹ̀ kò ríran.
Òwìwí. Oyin. Ẹja.
Òbúkọ orí òkè tó ru ìwo bí ẹni ru igi ìdáná.
Ẹṣin. Àkọ̀ ló ni ogún,
akọ màlúù sì dúró lórí àádọ́ta
bí ẹni pé òun ló ni báńkì.

Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.
Ihò àkọ́kọ́ há, òwìwí kò wọ̀ ọ́.
Ihò kejì fẹ̀, oyin sùn sínú rẹ̀
bí ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀.
Bàbá àgbà bú ayùn, ó bú pákó, ó bú ojú ara rẹ̀,
ó lọ mu tíì, ó padà wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pákó.
Ó fi sáńpépà ra ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan
títí ìka mi fi yí inú rẹ̀ po láìkan ẹ̀gún.

Àrán ló kù.
Kóòtù Màmá àgbà Jerneja ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
àrán aláwọ̀ ewé, òórùn kánfọ̀.
Ó gbé àlùmọ́gàjí sókè, ó gbé e sílẹ̀.
Ó tún gbé e sókè.
"Abẹ́ apá ni màá ti gé e," ó ní,
"ibi tí kò ní bínú sí."
Nínú àpò kóòtù a rí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kan,
àlọ láìsí àbọ̀.
Ó dá a padà síbẹ̀.

Ihò mẹ́sàn-án. Owó mẹ́jọ.
Tólárì méjì ló sọnù, èyí tó ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lára,
ẹyẹ tó ń kọ́lé tí kò kan omi, tí kò kan òkè.
A tú dúrọ́ọ̀, a gbọn bàtà,
a yẹ inú ìkòkò òdòdó wò.
Ìgbà tí mo dojú bolẹ̀ ní kíṣìnnì ni mo rí i:
ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù àwo,
ó kan ilẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì kàn án lórí.
Màmá ló tì í síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan
tí àwo ń pariwo bí rélùwéè bá ti kọjá,
tí ọmọ ọwọ́ kan kò rí oorun sùn.
"Ìwọ ni ọmọ náà," Bàbá àgbà ní.
"Ṣé kí n fà á yọ?"
Ó kúnlẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde.
"Fi í sílẹ̀. Ìyẹn kò tíì fẹ̀yìntì."

A gbé àpótí kọ́ ògiri pẹ̀lú ihò kan tó ṣófo.
Gíláàsì àtijọ́ náà wọ́ díẹ̀,
ó ń mú kí ẹja dà bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́.
Aago mẹ́sàn-án lù, rélùwéè ẹlẹ́rù ń kọjá.
Owó mẹ́jọ gbọ̀n nínú ilé tuntun wọn.
Àwo kò mì.