Ẹyẹ Tó Ń Tiro Létí Odò Ọba

Ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ni. Omi Ọba ti fà sẹ́yìn,
ó fi ẹrẹ̀ tó là bí gìgísẹ̀ àgbà sílẹ̀.
Bàbá Láníhùn, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi,
fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka:
"Má kọ́kọ́ wo ìyẹ́. Ìyẹ́ a máa purọ́.
Ìrìn ni kí o wò."

Èyí tó ń mi ìdí lórí àpáta
bí ẹni tí orin kan há sí nínú,
ìyẹn kì í ṣe òun.
Èyí tó ń ki ẹnu gígùn bọ ẹrẹ̀ bí abẹ́rẹ́ télọ̀,
ìyẹn náà kọ́.
Òun a sáré, tírí tírí tírí, a dúró gbọin.
A wo ilẹ̀. A tún sáré,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà.
Ẹnu rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ tóbi,
òrùka pupa yí ẹyinjú ká,
ọ̀já dúdú méjì ló so mọ́ àyà funfun.
"Bí ọ̀já bá jẹ́ ẹyọ kan,
tí òrùka ojú sì pọ́n bí ìyeyè,
àlejò nìyẹn. Òtútù ló lé e wá."

Mo bèèrè orúkọ.
"Sáré-dúró ni bàbá mi ń pè é.
N ò mọ ohun tó ń pe ara rẹ̀."

Àfi bí ọ̀kan ṣe ṣubú níwájú mi!
Apá kan ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ké, ó ń tiro.
Mo tẹ̀ lé e. Ó kù díẹ̀ kí n mú un.
Ó tún kù díẹ̀.
Nígbà tí a dé ìdí igi ẹmì kan,
ó fò lọ, apá méjèèjì pé.
Bàbá Láníhùn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́.
"Padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Rọra gbẹ́sẹ̀."

Ẹyin mẹ́ta láàrin òkúta wẹẹrẹ.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wò wọ́n ní òkúta.

Mo kúnlẹ̀. N ò fọwọ́ kàn wọ́n.
Ìyá mi ni mo rántí, ní Òkè-Ẹlẹ́rìn,
lọ́dún tí gbèsè bàbá mi wá kálé.
Bó bá ti gbóhùn alùpùpù olówó èlé,
a mú igi, a máa tiro lọ pàdé rẹ̀ lójú títì,
a máa kérora, a máa fà á lọ
sọ́nà ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi.
Àwa mẹ́ta wà ní yàrá,
a fi ara wa bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.
Bó bá dalẹ́,
ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń tẹ pẹ́dà.

"Dìde," ni Bàbá Láníhùn wí, "oòrùn ń pa ẹyin."
A fi ẹ̀yìn rìn kúrò.
Lọ́ọ̀ọ́kán, ẹyẹ náà tún ti ń tiro,
bóyá fún ajá kan tí n ò rí.