Ilé-Ẹjọ́ Tó Ń Léfòó

Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé ilé-ẹjọ́ wá bá wa.
A ti ń gbọ́ fèrè rẹ̀ kí ìkùukùu tó ká lórí odò Amasọ́nì:
tábìlì pákó kan, àga mẹ́rin,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ọ̀rá bò bí ọmọ tuntun.
Èmi ni mo máa ń so okùn rẹ̀ mọ́ òpó.
Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti yí òpó náà nípò,
nítorí odò ń jẹ bèbè wa bí ẹní ń jẹ búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ odò náà ló dé kóòtù lọ́jọ́ yẹn.
Idalina ní ogójì igi asaí,
ìyá rẹ̀ ló gbìn wọ́n.
Odò gé ilẹ̀ náà lóru ọjọ́ kan,
ó lọ tò ó jọ sẹ́yìn ilé Osmarino lódìkejì.
Igi tún hù. Osmarino ń ká èso.
Idalina ní, "Ilẹ̀ mi ni. Mo mọ òórùn rẹ̀."
Osmarino ní, "Ẹni tí odò bá fún kì í ṣe olè."

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, a ti dá ẹjọ́ náà tán.
Níbi tí wọ́n ti ń ta kerosíìnì, Idalina ló jàre.
Nídìí àwọ̀n ẹja, Osmarino ni.
Èmi náà ti dá tèmi, mo ti búra lé e,
bẹ́ẹ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ: ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.
Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.
Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Obìnrin kúkurú ni adájọ́, Dalvanira,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì.
Kò ní òòlù kankan lọ́wọ́.
Ó ní kí Osmarino dákẹ́ kí Idalina sọ tirẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó ní kí Idalina dákẹ́.
Ìyẹn nìkan.
Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti ń pariwo,
kò sọ́jọ́ tí ẹnìkan gbọ́ ẹnìkejì dópin.
Idalina ní ibojì ìyá òun bá ilẹ̀ náà lọ.
Mo rí ètè Osmarino tó ń gbọ̀n.
Kò mọ̀. Aládùúgbò ni, kò mọ̀.
Nígbà tó kàn án, ó ní odò kan náà ló gbé ọkọ̀ òun lọ,
àti ajá òun tó wà nínú rẹ̀.
"Ta ni kí n pè lẹ́jọ́?"
A bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin ní: ohun tí omi bá fà ya lẹ́ẹ̀kan náà,
olówó rẹ̀ lè béèrè fún un, kí ọdún kan tó pé.
Ọdún mẹ́rin ti lọ.
Idalina pàdánù.
Mo ṣì gbà pé òun ló jàre. Ẹ má bi mí.

Kò sunkún. Ìwé ló béèrè fún.
Kò mọ̀wé, èmi ni mo kà á fún un lórí àtẹ̀gùn,
títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé
"Firmina, ìyá olùpẹ̀jọ́, ló gbin àwọn igi náà."
"Tún un kà," ó ní.
Mo tún un kà.
"Ṣé òǹtẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀?"
Ó wà.
Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àyà.

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Òótọ́ ni, wọn ò kí ara wọn títí dòní.
Ṣùgbọ́n àdá méjèèjì, koríko ni wọ́n ń ṣán.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo tú okùn, ilé-ẹjọ́ bá omi lọ.
Mo mi òpó náà wò.
Ó ti ń yẹ̀.