Àtàǹpàkò

Mesiyé Bíó ò lé mi.
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá olùbẹ̀wò iṣẹ́:
ẹnu rẹ̀ ò sọ pé, "Kọlẹ́tì, máa lọ."

Ìbọ̀wọ́ ló kọ́kọ́ lọ.
Ó wọ́n gógó, ó ní, ká fi eérú ra ọwọ́
bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe.
Eérú! Oje èèpo kajú a máa jẹ eérú, a jẹ awọ,
a sọ iyọ̀ ọbẹ̀ di iná lábẹ́ èékánná.
Lẹ́yìn náà, kílò mẹ́wàá di mẹ́rìndínlógún,
owó dúró sójú kan bí òkè Ṣábẹ.
Nígbà tí mo béèrè ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kejì,
wọ́n gbé àpótí ìjókòó mi kúrò létí fèrèsé,
wọ́n gbé e síwájú ààrò,
níbi tí èéfín ti ń ṣáájú èémí wọ imú.
Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.
Àní Sidoní, tá a jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan,
ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Ẹni tó tiná bọ òrùlé,
tó ní òun ò lé àlejò jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀,
mo ká aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbé e lé òṣùwọ̀n.
Kò tó ìdajì kílò.
Akọ̀wé na ìwé sí mi, Faransé wínníwínní,
abẹ́ tábìlì ló ti yọ ọ́, orúkọ mi ti wà lórí rẹ̀.
Tẹ̀ ẹ́ níbí, ó ní.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Òun náà ni Bíó ń fẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ lónìí:
"Ìka rẹ̀ nìyí. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé náà sójú ìmọ́lẹ̀.
Àbàwọ́n tàdáwà lásán, kò sí ìlà kan.
Ẹ wá wo àtàǹpàkò mi:
ó ń dán bí òkúta inú odò Ọ̀pàrà.
Ìlà tí Ọlọ́run fà sí i, tí kò fún ẹlòmíràn,
inú àpò kajú yín ló wà, Mesiyé,
ó ti wọkọ̀ dé Kútọnu, ó ti gun òkun lọ.

Mi ò mọ òfin.
Wọ́n ní ó ní orúkọ tí ẹ ń pè é
bí ọ̀gá bá lé èèyàn láìlanu,
pé ọrùn rẹ̀ ni gbèsè wà.
Orúkọ náà le fún ahọ́n mi.

Ẹ ṣáà máa kọ ọ́: owó oṣù mẹ́ta,
owó ìpara ọwọ́,
àti ìlà ìka kan
(èló lẹ máa kọ síwájú ìyẹn?)