Ẹni Tó Ń Tú Orúkọ Lára Ilẹ̀kùn

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìlú Dúlúùtù.
Yìnyín ti bo fèrèsé bí ojú tó fọ́.
Mo gbé àkàbà wọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ará ìlú,
mo gun òkè lọ sí àjà kẹta.
Iṣẹ́ tèmi ò le:
orúkọ ni mo ń tú lára ilẹ̀kùn.
Ìṣó mẹ́rin ní í di orúkọ kan mú.
Bí mo bá tú mẹ́ta, orúkọ á dorí kodò,
á máa fì lórí ẹyọ kan tó kù,
bí ẹni tí oorun ń kùn nínú ìpàdé.

Ọ̀gá àgbà tuntun dé láti olú ìlú lóṣù tó kọjá,
Ìyáàfin Brandvold.
Ó ya àpótí sára pátákó funfun,
ó fa ìlà láti àpótí dé àpótí.
Ẹ̀ka méje di mẹ́rin.
Igbákejì mẹ́ta di ẹyọ kan,
ẹyọ kan náà sì bí olùdarí márùn-ún kí ọ̀sẹ̀ tó parí.
Ẹ má bi mí bí ìṣirò yẹn ṣe jẹ́. Káfíńtà ni mí.
Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè yá ni.
Ó ṣeé ṣe. Mi ò bá wọn jiyàn.
Lọ́dún tó kọjá, ìwé ọmọ aláìlóbìí kan
rìn láti tábìlì dé tábìlì fún oṣù mẹ́rin,
kò sẹ́ni tó ṣí i.
Ẹni tó rí ìyẹn kò ní sọ pé kí nǹkan má yí padà.
Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ta ló wo ilé yìí?

Mo dé ẹnu ọ̀nà Marlys Kettunen,
olórí Ẹ̀ka Àgbàlagbà fún ọdún mẹ́tàdínlógún.
Ó jókòó láàárín páálí,
ó ń yọ fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lára ògiri.
"Máa tú u lọ," ó ní, "kò dùn mí."
Ó dùn ún. Tíì tó bù sí ife
ti di omi tútù.

Mo tú u. Lábẹ́ orúkọ náà, lára igi,
àpá lẹ́tà àtijọ́ kan ṣì hàn:
Ẹ̀KA ÀGBÀLAGBÀ ÀTI ALÁÀBỌ̀ ARA.
Ohun tó wà nínú àpò mi gan-an nìyẹn,
tuntun, tó ń dán, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀.
Èmi náà ni mo ha ti àkọ́kọ́ kúrò,
nígbà tí irun ṣì wà lórí mi.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, bàbá kan gòkè wá,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀.
Eino Lahtinen. Wọ́n fẹ́ gé gáàsì tó ń mú ilé rẹ̀ móoru.
Lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ ní kó wá sí ẹ̀ka kan
tó jẹ́ pé inú àpò irinṣẹ́ mi ló wà.
Ó wo ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn wò ó:
ihò ìṣó mẹ́rin, kò sí orúkọ.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbàlejò yẹ kọ̀ǹpútà wò,
ó ní ẹ̀ka yẹn ò sí mọ́,
èyí tó gbapò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.
Ọjọ́rú la wà.
Òtútù ò sì mọ ọjọ́ Ajé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà,
mo di bàbá lápá mú, mo kan ilẹ̀kùn.
Marlys gbójú sókè. Ó gbé páálí kúrò lórí àga.
"Ẹ jókòó, bàbá. Ta ló kọ̀wé yìí sí yín?"
Bàbá na ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé.
Òun ni.
Ó fa fóònù mọ́ra.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.
Ìṣó kan ti já bọ́, mo wá a títí, mi ò rí i.
Mẹ́ta ni mo fi kan orúkọ tuntun.
Ó ń fì díẹ̀.
Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rọra pa ilẹ̀kùn dé.