Ohun Tó Tàsé

Iná lọ ní Àgọ́-Ìwòyè ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án.
Mo ń wá ìṣáná. Oyèfẹ̀sọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀,
òkùnkùn yìí gan-an ni mo ti ń wá láti ọjọ́ Ajé."
Ó gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá táǹkì omi,
ó nawọ́ sí ìràwọ̀ kan lókè igi àgbálùmọ̀.
"Èjì ni. Ojú ló ń pè é ní ọ̀kan."

Èmi ò rí èjì. Mo rí ọ̀kan tó ń ṣẹ́jú
bí ẹni tí èéfín ìdáná kó sí lójú.

Ó ní èkíní gbóná, ó funfun títí ó fi ń ta àwọ̀ aró;
èkejì ti darúgbó, ó wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì,
ó wú kọjá ààlà ara rẹ̀,
ibi tí agbára tirẹ̀ parí sí, tí ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀.
Ibẹ̀ ló ti ń jò,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí epo láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì.

"Ṣé tààrà ló ń bọ́ sí èyí tó gbóná lára?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ tá kiri wọlé,
ó mú abọ́, ó mú gàrí tí mo gbé bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó fi ìka ro omi yípo,
ó ní kí n máa da gàrí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe láàárín.
A fi iná fóònù wò ó.
Gàrí ò rọ́nà lọ tààrà. Ó sáré yípo,
orí rẹ̀ lé ìrù rẹ̀ bá, ó di òrùka;
òrùka fẹ̀ síta, ó fẹ̀ sínú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Àwọn méjèèjì ń yí ara wọn ká," ó ní,
"ohun tó já lára èyí ń bá ìyípo lọ ni.
Ó fẹ́ bá ìkejì, ó tàsé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ,
ó di àwo iná.
Bí wọ́n ṣe ń fara gbún ara wọn nínú àwo ni eré ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn,
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wọ́n tó balẹ̀.
Bí ìràwọ̀ méjèèjì bá sún mọ́ra jù, kò sáyè àwo:
ńṣe ló ń gbá a lójú."

Mo rántí ọdún tí mo ta ẹ̀rọ ìlọpákí.
Owó yẹn gba ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Ṣówùnmí,
ó gba ọwọ́ onílé, ó yí Àgọ́ ká lẹ́ẹ̀mẹta
kó tó kan ìwé.

"Èwo ló tóbi jù nínú wọn?"
"Èyí tó darúgbó, tẹ́lẹ̀. Ó ti fún un títí ó fi kéré."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dáhùn ìdánwò.
Lẹ́yìn náà ló wá dákẹ́.

Iná dé. Àwọn ọmọ ojúlé kejì hó yèè.
Ìràwọ̀ náà pòórá lójú mi.
Gàrí ti wú, ó ti sùn sísàlẹ̀ abọ́,
kò sí ṣúgà. Ó ti abọ́ sọ́dọ̀ mi, mo tì í padà,
ó tún tì í. Díẹ̀ dà sílẹ̀.
Adìyẹ á rí i láàárọ̀.