Ọ̀rá Díẹ̀ Láàárín

Ní Yarmouth, létí òkun Nova Scotia,
iyọ̀ kì í gbélé ọbẹ̀.
Ó ń gun ògiri, ó ń wọ bàtà,
ó bá ìbọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ wọnú àpò rẹ̀,
ó sùn tì í láti Ọ̀wàrà títí di Ẹrẹ́nà.

Surette tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì:
"Tú u. Wò ó. Má tètè sọ̀rọ̀."
Síkúrù irin kan ni,
nínú ara ìbọn tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù ṣe kó lè fúyẹ́.
Irin náà ń dán, ó jókòó bí àlejò tó yó.
Àlùmíníọ̀mù tó gbà á lálejò ló di ẹfun,
tó ń dà sílẹ̀ lẹ́búlẹ́bú láti ẹnu ihò.

"Kí ló jẹ ẹ́?"
"Kò sí ohun tó jẹ ẹ́. Omi iyọ̀ ló ṣe alárinà wọn.
Èyí tí ara rẹ̀ rọ̀ ní ń san gbèsè àwọn méjèèjì."

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe gbogbo rẹ̀,
irin kan náà lókè, irin kan náà nísàlẹ̀,
ọmọ ìyá kan, kí ìjà tán.
Baba náà rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí kan yọ:
ọ̀pá méjì, irú kan náà, tó ń ha ara wọn láìsí òróró.
Wọ́n ti bu ara wọn jẹ, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀.
Òòlù ò yà wọ́n. Iná ò yà wọ́n.
"Ọmọ ìyá nìyẹn."

Dúródọlá, ẹ̀gbọ́n mi, wà ní Halifax.
Yàrá kan la jọ gbé, fìríìjì kan, ohùn kan náà lẹ́nu wa:
bí a bá pè é, ìyá wa kì í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́ta rèé.
N kò rántí ẹni tó kọ́kọ́ bu ẹnì kejì jẹ.

Bàbá bàbá mi rọ ọkọ́ ní Ìgbájọ.
Kó tó ki ọkọ́ bọ èrúkọ́, a fi àdí pa á.
Mo rò pé kó lè dán ni.

Surette na agolo tábà kan sí mi, ọ̀rá dúdú ló kún inú rẹ̀.
Mo ha ẹfun kúrò,
mo fi ọ̀rá pa síkúrù tuntun lára yíká,
mo yí i wọlé díẹ̀díẹ̀.
Ó ku díẹ̀ kó fún, ó ní: "Ó tó. Dúró síbẹ̀."

Lóde, kùrukùru òkun ń bo ọkọ̀ rẹ̀.
Fóònù mi wà nínú àpò.
Ọ̀rá wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì nù ún.